Bí Ojú Ọmọ Kan Ò Bá Ríran Tó Ìkejì, Tàbí Tí Ìpéǹpéjú Bá Ń Wálẹ̀: Ohun Tí Ẹ Máa Ṣe Nílùú Ìbàdàn

Ohun méjì ni àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀ tí wọ́n bá ní ojú ọmọ kan "ò dúró dáadáa". Ọ̀kan ni ìpéǹpéjú tó wálẹ̀ bo ẹyinjú, bí ìgbà tí oorun ń kun èèyàn. Èkejì ni ojú tí kò ríran tó ìkejì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò pọ́n, kò ní ìpin, kò dun ọmọ. Lazy eye ni wọ́n ń pe èyí ní ọsibítù. Méjèèjì lè wà lójú ẹnì kan náà, torí ìpéǹpéjú tó bo ọmọlójú ọmọ kékeré lè ba ìríran ojú náà jẹ́. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú wọn yàtọ̀, kò sì sí bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó yẹ kí ẹ sáré sí àti èyí tó lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ́.

Ọmọ tuntun ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ríran. Ọpọlọ rẹ̀ ló ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, látinú ohun tí ojú méjèèjì ń gbé wá. Tí ojú ọ̀tún bá ń gbé àwòrán tó mọ́ kedere wá, tí ti òsì ń gbé èyí tó ṣú bàìbàì wá, ọpọlọ á gba ti ọ̀tún, á sì pa ti òsì tì. Bó bá ṣe ń pẹ́ ni ìpatì náà ń mọ́ ọn lára. Ìdí nìyẹn tí ẹni ọdún 30 tó ti ní in láti kékeré fi lè ra awò tó dáa jù ní gbogbo Dùgbẹ̀, kí ojú náà má sì mọ́. Ọ̀rọ̀ ọpọlọ lọ̀rọ̀ yìí, ọpọlọ ọmọdé sì ní àkókò tó fi ń gba ẹ̀kọ́.

Ohun mẹ́ta ló sábà ń fà á. Àkọ́kọ́ ni ojú tó ń yà, tí ọ̀kan wo Mọ́kọ́lá tí èkejì wo Sángo. Ìkejì ni pé kí ojú kan nílò awò tó lágbára ju ti ìkejì lọ. Ìkẹta ni ohun tó dí ojú, bíi ìpéǹpéjú tó wálẹ̀ tàbí kàtárákì tí wọ́n bí mọ́ ọmọ. Èyí tó wà láàárín yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ojú ọmọ náà á tò dáadáa, á máa ṣeré, á máa kàwé, kódà òun fúnra rẹ̀ ò ní mọ̀ pé ojú kan ṣoṣo lòun ń lò. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní ó ń mú ọmọ tó tó 3 nínú 100, nítorí náà kì í ṣe àìsàn àjèjì.

Kí ọmọ tó pé ọdún 7 ni ìtọ́jú máa ń ṣiṣẹ́ jù. Tí tiyín bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ ṣì gbé e lọ. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2005 fi hàn pé àwọn ọmọ ọdún 13 sí 17 kan ṣì jèrè ìtọ́jú, pàápàá àwọn tí wọn ò tọ́jú ojú náà rí.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ojú náà wò nílé

Ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kó kọjú sí fóònù. Kí fóònù wà ní ìpele ojú rẹ̀. Tí ẹ bá yà á láti òkè, ìpéǹpéjú á dà bíi pé ó wálẹ̀ bí kò tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ẹ tan flash, kí ẹ ya àwòrán bíi mẹ́ta. Tí ẹ bá fẹ àwòrán náà, ẹ máa rí ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ funfun kékeré lórí ọmọlójú kọ̀ọ̀kan. Ibì kan náà ló yẹ kó wà lójú méjèèjì. Tó bá wà láàárín gbùngbùn lójú ọ̀tún, tó wá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójú òsì, ó ṣeé ṣe kí ojú náà máa yà. Àwọn ìkókó wa tí òkè imú wọn tẹ́ máa ń dà bíi pé ojú wọn wọnú, nígbà tó jẹ́ pé awọ ẹ̀gbẹ́ imú ló bo funfun ojú. Ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ yẹn ló máa fòótọ́ hàn. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta náà lè máa yí ojú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì lọ fúnra rẹ̀. Èyí tó bá ń yà ní gbogbo ìgbà, tàbí tó kọjá oṣù mẹ́rin, ẹ gbé e lọ.

Tí ọmọlójú kan bá tàn funfun bí ojú ológbò lóru nínú àwòrán, tí ìkejì ò rí bẹ́ẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ kankan. Ó lè jẹ́ kàtárákì. Ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ inú ojú tó ń mú àwọn ọmọ kéékèèké, èyí tí wọ́n lè fi ìtọ́jú gba ẹ̀mí ọmọ là tí ẹ bá tètè dé. Nígbà míì, igun tí wọ́n ti ya fọ́tò ló fà á, kò sì sí nǹkan kan. Dókítà ni kó sọ ìyẹn fún yín.

Lẹ́yìn fọ́tò, ẹ bo ojú kọ̀ọ̀kan wò. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé, ẹ fi kàtúùnù sílẹ̀ kó máa wò, kí ẹ rọra fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú rẹ̀ kan, láìfi ọwọ́ kan ẹyinjú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ bo ìkejì. Bó bá dákẹ́ nígbà tí ẹ bo ti òsì, àmọ́ tó ń ti ọwọ́ yín, tó ń yí orí, tó ń ké nígbà tí ẹ bo ti ọ̀tún, ó ń sọ fún yín pé ojú ọ̀tún lòun fi ń ríran. Ọmọ tó ti mọ nọ́ńbà, ẹ mú un jáde sẹ́nu ọ̀nà, kó ka nọ́ńbà ara ọkọ̀ Micra tó dúró lókèèrè, ojú kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má jẹ́ kó fi ìka bojú fúnra rẹ̀, torí á yọjú láàárín ìka. Ọmọ gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá gbé fọ́tò àtijọ́ jáde: ti ìsọmọlórúkọ, ti ọjọ́ ìbí, ti òde àríyá tí ẹ dá aṣọ ẹbí fún. Tí ìpéǹpéjú náà bá ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìkókó, ọ̀nà kan nìyẹn. Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí ló bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà míì pátápátá ni, ẹ ka ohun tó tẹ̀ lé èyí dáadáa.

Èyí tí kò gbọ́dọ̀ dúró di ọ̀la

Ìpéǹpéjú tó ṣàdédé wálẹ̀, tí ẹ̀fọ́rí líle tàbí rírí nǹkan ní méjì-méjì bá a rìn, tàbí tí ọmọlójú ojú náà fẹ̀ ju ìkejì lọ: ẹ̀ka pàjáwìrì ni kí ẹ gbé e lọ, kì í ṣe ilé ìtọ́jú ojú. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú nínú ọpọlọ lè máa tẹ okùn tó ń darí ìpéǹpéjú. Tó bá jẹ́ pé ọmọlójú náà ló kéré ju ìkejì lọ, tí ọrùn ń dun ẹni náà, kánjúkánjú lòun náà. Tí ẹnu bá wọ́, tí apá kan rọ, tí ọ̀rọ̀ ń fà, àrùn rọpárọsẹ̀ ni kí ẹ rò, kí ẹ sì wo aago ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n máa bi yín.

Ẹni tí kò lè gbé oúnjẹ mì dáadáa tàbí tí mímí ń nira fún, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ sì wálẹ̀, ẹ má fi ṣeré. Ọmọ tí ojú rẹ̀ wú, tó pọ́n, tí ara ń gbóná, tó ń ké tí ẹyinjú bá yí, òun náà ò gbọ́dọ̀ sùn sílé. Ẹ̀yin ará wa tó ń lọ sóko ní Àkànrán tàbí ẹ̀gbẹ́ Mọ́níyà, ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú: tí ejò bíi sèbé bá bu èèyàn jẹ, ìpéǹpéjú méjèèjì tó ń wálẹ̀ lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́ pé oró náà ti ń dé àwọn iṣan tó ń mí. Ẹ má dúró sín gbẹ́rẹ́ síbẹ̀, ẹ má so okùn mọ́ ẹsẹ̀, ọsibítù tààrà.

Nínú gbogbo èyí, kí aláìsàn má fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀.

Ìpéǹpéjú tó wálẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, èyí tó ń lọ tó ń bọ̀, àti èyí tí wọ́n bí mọ́ ọmọ

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni eéwo kékeré tó sọ létí ìpéǹpéjú. Ó máa ń wú, á wúwo, á fa ìpéǹpéjú wálẹ̀. Ẹ fọ ọwọ́. Ẹ bu omi gbígbóná sínú abọ́, kí ẹ dán an wò sí ọrùn ọwọ́ yín. Tí ọrùn ọwọ́ ò bá gbà á, ojú ò ní gbà á. Ẹ ti aṣọ ìnujú tó mọ́ bọ̀ ọ́, ẹ fún un, ẹ gbé e lé ojú tó wà ní pípa fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Bó bá ti ń tutù, ẹ tún un bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́. Ẹ má fún eéwo náà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹlòmíì lo aṣọ ìnujú yẹn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fọ́ tó sì ń lọ láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ìwúlé náà ń tàn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ lọ fi han dókítà.

Àpólò náà ń mú kí ìpéǹpéjú wú, ó sì ń padà sí ipò rẹ̀ bí ojú bá ti yá. Irun ojú tí wọ́n ń lẹ̀ ní sàlúùnù, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹwà, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń bá ara àwọn kan jà. Tí ojú bá wú lọ́jọ́ kejì tí ẹ lẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó lẹ̀ ẹ́ bá yín yọ ọ́, ẹ má fi èékánná fà á.

Èyí tí àwọn èèyàn kì í kíyè sí ni ìpéǹpéjú tó dáa láàárọ̀, tó wá ń wálẹ̀ bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀. Ìyá tó ń tajà ní Bódìjà á jí pẹ̀lú ojú tó là, nígbà tó bá fi di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ojú kan á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa. Wọ́n á ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ àìsàn kan tó ń jẹ́ myasthenia gravis, níbi tí àṣẹ tí ọpọlọ ń pa kì í ti í dé ara iṣan dáadáa, tí iṣan fi ń tètè rẹ̀. Ẹ ṣe báyìí kí ẹ lè rí nǹkan sọ fún dókítà: ẹ ya fọ́tò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ibì kan náà, ìpele kan náà. Ẹ tún jẹ́ kí ẹni náà tẹjú mọ́ àjà láìgbé orí fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, kí ẹ wò bóyá ìpéǹpéjú náà ń rọra sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wá di omi dídì sínú aṣọ tó mọ́, kí ẹ gbé e lé ìpéǹpéjú tó pa fún ìṣẹ́jú méjì. Tí ojú bá là sí i lẹ́yìn náà ní kedere, ẹ sọ ọ́. Àwọn dókítà fúnra wọn ń lo omi dídì báyìí fún àyẹ̀wò. Kì í ṣe ìtọ́jú o, àmì lásán ni, àbájáde rẹ̀ ò sì ní kẹ́ ẹ má lọ.

Ti ọmọ tí wọ́n bí i mọ́, iṣan tó ń gbé ìpéǹpéjú sókè ni kò lágbára láti inú oyún. Ìdárayá ojú ò lè mú un le, epo fífi pa á ò lè ṣe é. Àwọn ìkókó kan wà tí ìpéǹpéjú wọn máa ń fò sókè ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń mu ọmú, á máa ṣẹ́ bí ẹnu ṣe ń fà. Ìyá á rò pé ọmọ ń ṣẹ́jú sóun. Okùn tó yẹ kó lọ sí iṣan àgbọ̀n ló ṣìnà lọ sí ìpéǹpéjú. Kò léwu fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ máa ṣọ́ ni bóyá ìpéǹpéjú náà bo ọmọlójú, àti bóyá ọmọ ń gbé àgbọ̀n sókè kó tó lè wo nǹkan. Tó bá bo ọmọlójú, iṣẹ́ abẹ lè má dúró rárá, torí ojú náà á máa gbàgbé ìríran. Tí kò bá bò ó, wọ́n sábà máa ń fi iṣẹ́ abẹ sílẹ̀ di bí ọdún 3 sí 5, kí wọ́n lè wọn agbára iṣan náà dáadáa, wọ́n á sì máa yẹ ìríran rẹ̀ wò títí dìgbà náà.

Ẹ má kán ohunkóhun sí i

Mo mọ ohun tí wọ́n máa ní kẹ́ ẹ kán sí i: omi ọmú, ìtọ̀ ọmọ, àdí, omi ewé tí wọ́n gún, omi àlùbọ́sà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dé ibi tí lazy eye wà, torí inú ọpọlọ ló wà. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n ta ojú tí kò ní egbò tẹ́lẹ̀, kí kòkòrò wọ̀ ọ́, kí iwájú ẹyinjú funfun. Ọmọ tó yẹ kó wá gba awò á wá di ọmọ tí wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa gba ojú náà sílẹ̀. Tìróò náà, ẹ fi sílẹ̀ fún ọmọdé. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà ní òjé nínú.

Oògùn kẹ́mísìtì tí aládùúgbò lò tó fi yá náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní steroid nínú. Ó máa ń mú kí pípọ́n ojú lọ kíákíá, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń lò ó láìsí ẹni tó ń ṣọ́ wọn, ó lè gbé ìfúnpá inú ẹyinjú sókè títí ojú á fi fọ́.

Ibi tí ẹ máa lọ

Ìbàdàn ò ṣàìní dókítà ojú. UCH, tó ti wà láàárín Mọ́kọ́lá àti Agodi láti 1957, ní ẹ̀ka ìtọ́jú ojú. St. Mary's wà ní Ẹlẹ́tà, tí ọ̀pọ̀ ará ìlú mọ̀ sí ọsibítù ojú. Ẹ tún lè bẹ̀rẹ̀ láti ọsibítù ìjọba tó súnmọ́ yín, kí wọ́n kọ̀wé gbé yín lọ. Tí ẹ bá ní káàdì ìlera ìjọba, yálà ti àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ béèrè ohun tó gbà lórí ojú kí ẹ tó jáde nílé. Ẹ béèrè pàtó fún dókítà tó ń rí ojú ọmọdé.

Ẹ tètè jí. Ẹ mú àwọn fọ́tò yẹn dání, ẹ mú awò tí ọmọ ń lò tẹ́lẹ̀, orúkọ oògùn tó ń lò, àti fìlà tó ní etí fún òòrùn. Wọ́n máa kán oògùn tó ń la ọmọlójú sí i, kí wọ́n lè mọ nọ́ńbà awò rẹ̀ gan-an. Ojú á ṣú, ìmọ́lẹ̀ á máa ta á, ó lè jẹ́ títí di ọjọ́ kejì, nítorí náà ẹ má pinnu pé á padà sí kíláàsì lọ́sàn-án. Tí ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀bù awò bá fẹ́ fi ẹ̀rọ wo ojú ọmọ kékeré lẹ́ẹ̀kan kó sì gé awò fún un lọ́jọ́ náà láìkán nǹkan kan, ẹ dúró ná. Ojú ọmọdé máa ń fà ara rẹ̀ tí wọ́n bá ń wò ó, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ á sọ lè yàtọ̀ gan-an sí òótọ́.

Ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́rin kẹ́ ẹ tó dìde níbẹ̀: ojú wo ni kò ríran tó? Kí ló fà á? Tí wọ́n bá ní ká di ojú tó ríran, wákàtí mélòó lóòjọ́ ni? Ọjọ́ wo la máa padà wá? Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀. "Ọ̀tún" àti "òsì" máa ń dà rú mọ́ èèyàn lójú ní ilé.

Awò ṣáájú

Tó bá jẹ́ pé awò ni ojú náà nílò, òun ni ìtọ́jú àkọ́kọ́, kì í ṣe aṣọ lásán. Àwọn ọmọ kan wà tí awò nìkan tó fún, tí ìríran wọn ń gòkè fún oṣù mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láìdi ojú rárá. Àtìgbà tó bá jí títí á fi sùn ni kó wà lójú rẹ̀. Ẹ ra fírẹ́mù tí kò tóbi, kí ẹ so rọ́bà tó ń nà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, torí ọmọ tó ń sáré nínú ọgbà ò ní máa rántí awò. Kí awò náà jẹ́ èyí tí kì í fọ́, wọ́n ń pè é ní polycarbonate. Èyí ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lọ: ẹni tí ojú kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ ò ní àpò ìpamọ́. Tí nǹkan bá ṣe ojú tó dáa, kò sí èyí tó máa gba iṣẹ́ náà.

Dídì ojú tó ríran

Ibí yìí ni gbogbo ilé ti máa ń jà. Ojú tó dáa ni ẹ máa bò, kí ọpọlọ lè padà fi ara balẹ̀ gba ti ìkejì. Ìyá ọkọ á wọlé, á wò ó, á ní: "Ìyàwó, ojú tó dáa lo wá dì pa, o wá fi èyí tó ń ṣàìsàn sílẹ̀?" Kò yẹ kí ẹ bá màmá jà. "Ẹ má bínú, Mà. Dókítà ló ní ká ṣe é bẹ́ẹ̀. Èyí tó dáa yìí ló ń gba iṣẹ́ ṣe fún ìkejì. Wákàtí méjì ni, a ó ṣí i." Tí ẹ bá lè mú màmá dání lọ sí ọsibítù lẹ́ẹ̀kan, kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà, ẹ ti rí olùrànlọ́wọ́ nìyẹn. Màmá tó ti gbà ni ẹni tó máa ṣọ́ ọmọ jù nígbà tí ẹ ò bá sí nílé.

Wákàtí tí ẹ máa fi dì í, ti dókítà ni, torí ó dá lórí bí ojú náà ṣe burú tó. Fún èyí tí kò burú jù, ìwádìí tó jáde ní 2003 ní Amẹ́ríkà rí i pé wákàtí méjì lóòjọ́ ṣe dáadáa bíi wákàtí mẹ́fà. Ẹ má fi ti ara yín kún un. Dídì jù lè mú kí ojú tó dáa bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé, pàápàá lọ́dọ̀ ọmọ kékeré. Ọjọ́ ìpadàbẹ̀wò wà fún ìyẹn.

Bí ẹ ṣe máa lẹ pátìì, ìyẹn ìbòjú tó ń lẹ̀ mọ́ awọ, rè é. Ẹ fọ ojú ọmọ, kí ẹ nù ún gbẹ. Ẹ má fi Vaseline tàbí òróró pa á kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, kò ní mú. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ tí òógùn ń ṣàn, ẹ kọ́kọ́ fi fáànù tàbí abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ojú rẹ̀. Ẹ ní kó pa ojú. Ẹ fi apá tó tín-ín-rín sí ẹ̀gbẹ́ imú, kí ẹ rọra nà án lọ sápá etí, kí ẹ fi ìka tẹ etí pátìì náà yíká. Kò gbọ́dọ̀ sí àlàfo níbi imú, torí ibẹ̀ ni ọmọ ti máa ń yọjú. Awò á wá wà lórí rẹ̀. Aṣọ dúdú tó ní okùn tí wọ́n ń tà fún eré tàbí ọjọ́ àríyá ò wúlò, ọmọ á wo abẹ́ rẹ̀. Tí èyí tó ń lẹ̀ kò bá sí, ẹ fi gọ́ọ̀sì tó mọ́ bo ojú tó pa, kí ẹ fi pílásítà lẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ.

Láti yọ ọ́, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rin etí rẹ̀ títí á fi rọ̀, kí ẹ máa ká a lọ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà yìí lẹ lè wá fi Vaseline díẹ̀ pa awọ. Tí awọ bá ń pọ́n, ẹ máa yí igun tí ẹ fi ń lẹ̀ ẹ́ padà lójoojúmọ́. Tó bá bó, ẹ sinmi fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ẹ sì bi ọsibítù léèrè ohun míì tí wọ́n lè fi bò ó.

Ọmọ máa bínú. Ẹ fojú inú wò ó: ẹ bo ojú tó fi ń ríran, ẹ fi èyí tó ṣú fún un. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ máa fi kún un títí dé iye tí wọ́n sọ. Ẹ mú àkókò kan náà lójoojúmọ́. Fún ọmọ ilé ìwé, láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ dára, torí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ṣì wà, ẹ ò sì ní máa wo ojú iná. Ẹ má jẹ́ kó gun àkàsọ̀, ẹ má rán an la títì, ẹ má jẹ́ kó gun kẹ̀kẹ́ nígbà tí ojú náà wà ní dídì.

Kí ló máa ṣe ní wákàtí méjì yẹn? Iṣẹ́ tó súnmọ́ ojú, tó ní ẹ̀yà kéékèèké, ni kí ẹ fún un. Ẹ da ẹ̀wà sórí atẹ́, kó máa ṣa òkúta àti èyí tí kòkòrò ti jẹ. Mo ti jókòó ti ọmọ kan tó ń ṣe èyí. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wà tó fẹ́ mú, á gbé imú lé atẹ́, á máa fi ìka wá ohun tí ojú ò rí. Nígbà tó ṣe, orí rẹ̀ kúrò lórí atẹ́, òkúta tó mú kò bọ́ mọ́, ó tiẹ̀ ń bú màmá rẹ̀ pé wọn ò ṣa ti àná dáadáa. Síso ìlẹ̀kẹ̀ sókùn, ayò ọlọ́pọ́n, kíkun àwòrán, iṣẹ́ àmúrelé, gbogbo wọn ló dára. Eré orí fóònù náà wọ̀ ọ́, kò sí ohun tó burú níbẹ̀ tó bá jẹ́ wákàtí yẹn nìkan ló ń ṣe é. Ọmọ tó mọ̀ pé ìgbà tí wọ́n bá di ojú òun lòun ń rí fóònù gbà á fúnra rẹ̀ gbé pátìì wá bá yín.

Tó bá di dandan kó dì í lọ sílé ìwé, ẹ lọ rí àǹtí kíláàsì rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ ní kí àǹtí fún un ní àyè iwájú, kí ó sì ṣàlàyé fún àwọn yòókù kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní olójú kan.

Oògùn kan wà tí àwọn dókítà máa ń fún àwọn ọmọ tí wọn ò gbà kí wọ́n di ojú wọn. Atropine ni. Ojú tó dáa ni wọ́n ń kán an sí, á jẹ́ kó ṣú níbi tó súnmọ́, ìkejì á wá gbaṣẹ́. Fún àwọn kan, Sátidé àti Sunday nìkan ni wọ́n ń kán an. Ẹ tẹ igun ojú níbi imú fún ìṣẹ́jú bíi kan lẹ́yìn kíkán, kó má bàa wọ ara jù. Fìlà ní ìta, torí òòrùn á máa ta á. Ẹ gbé ìgò náà síbi tí ọwọ́ ọmọdé ò ní dé rárá. Májèlé ni tí ọmọ bá mu ún. Tí ara ọmọ bá ń gbóná, tí awọ ojú rẹ̀ pọ́n, tí ẹnu gbẹ, tí àyà ń sáré lẹ́yìn tí ẹ kán an, ẹ dá a dúró kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Iṣẹ́ abẹ tó ń tún ojú tó yà tò wà, àmọ́ ó ń tún ibi tí ojú kọjú sí ṣe, kì í dá ìríran padà fúnra rẹ̀. Nítorí náà tí dókítà bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ di ojú fún oṣù mélòó kan kó tó di iṣẹ́ abẹ, kì í ṣe pé ó ń fi yín ṣeré.

Bí ẹ ṣe máa dá a dúró

Ẹ má dá a dúró fúnra yín lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i pé ọmọ ti ń ka nọ́ńbà Micra. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ti tọ̀ wọ́n lẹ́yìn fún ọdún kan, bíi ọmọ kan nínú mẹ́rin ni ìríran ojú náà tún sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dá ìtọ́jú dúró. Ó pọ̀ jù láàárín àwọn tó ń dì í fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lóòjọ́ tí wọ́n kàn ṣàdédé jáwọ́. Ó kéré láàárín àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dín in kù sí wákàtí méjì. Ẹ jẹ́ kí dókítà máa dín in kù fún yín. Lẹ́yìn tó bá sì parí, awò ṣì wà lójú o, ìpadàbẹ̀wò ṣì wà nínú ìwé, kí ẹ sì máa bo ojú kọ̀ọ̀kan wò nílé bíi ti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn pátìì tó ṣẹ́kù, ẹ má fi tọrẹ. Ẹ gbé wọn sínú báàgì tí káàdì ọsibítù rẹ̀ wà.